Ta Ló Yẹ Kó Kan Ilẹ̀kùn Òtẹ́ẹ̀lì?

"Nínú òtẹ́ẹ̀lì kẹ̀?"

Ohun tí Bàbá Divine kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ẹnu sì yà á. Inú mọ́tò ló wà níwájú ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Atlanta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí shift, ó ti tú okùn bàtà kí ẹsẹ̀ lè gba atẹ́gùn díẹ̀. Divine, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló wà lórí fóònù. Ó ní àwọn òbí Eli, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun, ti gbà láti wá ṣe introduction. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ó ní inú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Athens ni wọ́n ti máa ṣe é. Athens yìí ni ìlú yunifásítì tí Divine ti kàwé, èèyàn á wa mọ́tò dáadáa kó tó débẹ̀ láti Atlanta.

"Daddy, kì í ṣe irú òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń rò yẹn. Historic inn ni. Ilé àtijọ́ ni, ó fine gan-an."

"Wọ́n ní ilé àtijọ́, èmi ní ilé tuntun ní Austell. Kí ló dé tí wọn ò lè wá síbẹ̀?"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ now."

"Ta ló mú ìmọ̀ràn yẹn wá? Ìyá Eli ni, àbí?"

Divine ní battery òun ti fẹ́ kú.

Ẹ gbọ́, ká má tan ara wa jẹ. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí Ernest Oyèkànmí tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Divine, bí èèyàn bá sọ pé òun rí ọmọbìnrin lágbájá ní òtẹ́ẹ̀lì, kò ní tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tí ìyá ọmọ náà á ti ká ọwọ́ lérí. Òtẹ́ẹ̀lì nibi tí wọ́n ti ń mu bíà, tí iná pupa ń tàn, tí ọkọ ọlọ́kọ ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ kùn ún ní funfun, ẹ gbin òdòdó yí i ká, ẹ pè é ní historic, ẹ pè é ní charming, òtẹ́ẹ̀lì ni. Àmọ́ àwọn èèyàn wa ní Atlanta ti dé ibi tí wọ́n dé. Wọ́n á sọ ọmọ lórúkọ ní hall, wọ́n á ṣọ̀fọ̀ ní hall. Wọ́n á kọ́lé oníyàrá márùn-ún sí Dacula, wọ́n á ra sófà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé, nylon tí wọ́n fi wé e á ṣì wà lára ẹ̀, tí àna bá wá fẹ́ wá, wọ́n á ní kó pàdé àwọn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní bush man ni. Kò burú. Kí bush man máa bi wọ́n lọ.

Ṣé ẹ mọ ìdí tó fi dun ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀? Ẹnu ọ̀nà ni ìtọrọ ọmọ wà. Gbogbo ìyókù, oúnjẹ ni. Àwọn ará ilé ọkọ á wá, wọ́n á dúró síta, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Bàbá ọmọ á ti wà nínú ilé, á ti wẹ̀, á ti jókòó láti àárọ̀, á wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn kankan ń bọ̀. Á ní, "Ta nìyẹn?" Wọ́n á ní, "Àwa ni." Á ní, "Àwa wo?" Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa to ara wọn fún un, ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n ń wá. Ìgbà tó bá tó lójú ẹ̀ ló máa ní kí wọ́n wọlé. Bó jẹ́ gómìnà ló dúró síta yẹn, ẹni tó ń tọrọ nǹkan ni.

Àsìkò díẹ̀ yẹn ni Bàbá Divine fẹ́ nílé ayé. Kò fẹ́ mọ́tò ńlá, kò fẹ́ oyè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ́ tíṣà Geography ní Ìsẹ́yìn kí visa tó jáde. Nígbà tó dé Atlanta, wheelchair ló kọ́kọ́ ń tì ní airport, ó ń ti ìyá oníyàá láti gate kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ọsibítù, níbi tó ti ń gbé aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ sí X-ray, tó sì ń gbé wọn padà. Gbogbo yàrá tó bá fẹ́ wọ̀, á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, á ní, "Transport!" Á wá dúró. Nọ́ọ̀sì tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò tó ti Divine á ní kó ní sùúrù, á ní sùúrù. Gbogbo ọdún tó ti lò ní America, òun ló ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ta ló ń kan tiẹ̀? Ẹni tó ń já package, tó ń já a sílẹ̀ tó ń sá lọ, àti àwọn tó ń pín ìwé ìjọ.

Nígbà tí Divine kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Eli, bàbá ẹ̀ lọ kun ilẹ̀kùn iwájú ilé wọn ní Austell. Ó lọ ra irin tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn láyé àtijọ́, ó kàn án mọ́ ọn.

Rachael ìyàwó ẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. "Daddy Divine, doorbell ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá lọ tẹ bell ńkọ́?"

"Mo ti yọ bátìrì ẹ̀."

Ó wá gbọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó ń kùn kiri ilé fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Rachael ló bá a sọ ọ́. "Ọmọ kan la ní. Ṣé ọkọ lẹ fẹ́ kó ní àbí ilẹ̀kùn?" Bàbá Divine pe ọmọ ẹ̀ padà, ó ní òun gbà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn èyíkéyìí. Divine ní, "Okay, Daddy. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn."

Ọjọ́ Saturday pé, wọ́n gbéra. Wọ́n yí ọ̀nà 285, wọ́n bọ́ sí 85, wọ́n já sí 316. Kò pẹ́ tí wọ́n rí exit Dacula. Bàbá Divine rọra tẹ bíréèkì.

"Rachael, wo Dacula o! Ilé wọn nìyẹn lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń gbé Dacula lèmi tí mo ń gbé Austell ń lọ pàdé ní Athens. Ṣé o rí ayé?"

"Ẹ wo iwájú yín jàre, truck nìyẹn."

"Ẹ̀yìn ilé wọn náà ni mò ń gbà kọjá yìí! Kí n yà kí wọn?"

"Ẹ yà kí wọn, kí wọ́n ní ẹ wá fi ọmọ lọ̀ wọ́n."

Ó tẹná mọ́ ọn.

Ká sọ òótọ́, òtẹ́ẹ̀lì náà lẹ́wà. Ilé pákó funfun ni, òpó gíga mẹ́rin níwájú, bàráńdà yí i ká, àga onígi tó ń mi síwá sẹ́yìn tò síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé oníṣòwò òwú kan ló kọ́ ọ.

Bàbá Divine kà á, ó tún un kà. "Oníṣòwò òwú. Ta ló ń bá a já òwú bí kò bá ṣe àwọn ẹrú?"

"Daddy Divine, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọmọ yín fọ́kọ ná. Tó bá di ọ̀la ẹ lè bá wọn ja ti òwú."

Ohun tó kọ́kọ́ rú ọkùnrin náà lójú ni pé gbayawu ni ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀. Kò sí nǹkan tí èèyàn máa kàn. Ó wo inú, kò rí counter, kò rí ẹni tó wọ táì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Pálọ̀ ló rí, pálọ̀ ilé èèyàn, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú àwòrán àwọn tó ti kú, pẹ̀lú ológbò tó ń sùn lórí tìmùtìmù. Ta lèèyàn máa kí? Ọmọ Yorùbá kì í wọlé onílé kó má kí ẹnì kan. Ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde.

Ìyá òyìnbó kan jáde látinú ilé pẹ̀lú ápíróònù. Miss Lucy nìyẹn, òun ló ni ilé náà. Ó dì mọ́ Rachael bí ẹni tí wọ́n ti jọ gbé rí. Ó di ọwọ́ Bàbá Divine mú, ó ní, "Mr. Ernest!" Ó ní òun ti ń gbọ́ nípa ẹ̀ tipẹ́.

Bàbá Divine sọ fún ìyàwó ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gòkè. "Níbo ló ti ń gbọ́ nípa mi?"

"Ṣé èmi ni kí n mọ̀?"

"Ìyá Eli ti ń sọ mí kiri Athens."

Miss Lucy fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ irin kan tó wúwo bí òòlù. Yàrá ò ní nọ́ńbà, orúkọ ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ní adájọ́ kan ló ń gbé tiwọn láyé ọjọ́un, Yàrá Adájọ́ ló ń jẹ́. Pákó ilẹ̀ ń dún ní gbogbo ìṣísẹ̀ bí ẹni pé ó ń fẹjọ́ wọn sùn. Bẹ́ẹ̀dì náà ga débi pé wọ́n gbé àkàsọ̀ kékeré tì í. Ọpọ́n ìwẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ní èékánná bíi ti kìnnìún. Dígí ara ògiri ti ní àbàwọ́n tí kò ṣeé nù mọ́.

"Rachael, wọ́n ń gba owó lórí èyí?"

"Wọ́n ní bó ṣe ń gbó sí i lowó ẹ̀ ń lọ sókè."

"Ilé bàbá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn gbó ju báyìí lọ. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀."

"Ewúrẹ́ yín ò mọ historic ni."

Nǹkan kan tù ú nínú. Yàrá náà ní pálọ̀ kékeré níwájú, pálọ̀ náà sì ní ilẹ̀kùn igi tó nípọn. Bàbá Divine bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ìka kàn án láti gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó dún dáadáa. Ó wọlé, ó to àga kọjú sí i. Ó jókòó, ó na agbádá ẹ̀ kó má rún. Divine yọjú láti yàrá kejì tó ti ń múra, ó ní wọ́n ti fẹ́ dé. Bàbá ẹ̀ ní kó ti ilẹ̀kùn dáadáa.

Kò pẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Divine nà ró lórí àga. Ó gbé ohùn tó ti ń ṣe ìdánrawò ẹ̀ nínú mọ́tò jáde. "Ta nìyẹn?"

Ohùn obìnrin kan fi èdè òyìnbó dáhùn pé òun ni.

"Ìwọ wo? Níbo lo ti wá? Kí lò ń wá?"

Ohùn náà ní aṣọ ìnura lòun gbé wá.

Rachael fi etí ìborùn bo ẹnu, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ọkọ ẹ̀ ò wò ó. Ó gba aṣọ ìnura lọ́wọ́ Miss Lucy, ó padà sórí àga.

Wọ́n gbọ́ mọ́tò níta. Wọ́n gbọ́ Yorùbá. Rachael yọjú ní fèrèsé, ó ní, "Wọ́n ti dé. Ìyá Eli nìyẹn, ó wọ lace aláwọ̀ omi ọsàn. Wọ́n ń kó agbọ̀n èso wọlé." Bàbá Divine tún ara ẹ̀ ṣe. Ó ń retí ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ìró ife ló gbọ́ nísàlẹ̀, àti ẹ̀rín, àti ohùn Miss Lucy tó ń bi èèyàn bóyá wọ́n ń mu ṣúgà. Bàbá Divine àti Rachael jókòó, wọ́n jókòó. Ife ń dún nísàlẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Divine ni, kò tiẹ̀ kàn án.

"Daddy, kí lẹ ń dúró dè? Wọ́n ti wà nísàlẹ̀ since!"

"Mo gbọ́ wọn. Kí wọ́n gòkè."

"Mummy Eli ní àwọn ti dé, ó ní ẹ̀yin làwọn ń retí, kí ẹ wá gba àwọn lálejò."

"Kí n wá gbà wọ́n ní pálọ̀ tí wọ́n ti jókòó sí? Tí wọ́n ti ń mu tíì? Divine, ẹni tó bá bá àlejò lórí ìjókòó, òun gan-an ni àlejò."

Divine sọ̀ kalẹ̀. Eli gòkè wá. Ọmọ náà nà gbalaja sórí pákó, pákó ké. "Daddy, ẹ kú ìkàlẹ̀ sir. Ẹ jọ̀ọ́ sir. Mummy ní bí àwọn ṣe dé, ìyá yẹn ní kí àwọn wọlé, ó ní kí àwọn jókòó. Àwọn rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó gba àwọn lálejò. Wọ́n tún ní..." Ó tún dojú bolẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Wọ́n ní tọmọ tìyá tẹbí ò lè gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tí bẹ́ẹ̀dì wà, pé àwọn wá tọrọ ìyàwó. Wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe máa rò ó fún ẹni tó bá béèrè?"

Bàbá Divine la ẹnu láti bínú, ìbínú ò jáde. Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Òótọ́ gan-an ni! Ohun tí òun náà ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá gòkè, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti tọrọ ọmọ ẹ̀. Tóun náà bá sọ̀ kalẹ̀, a jẹ́ pé òun ló lọ bá wọn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn kankan. Ó wo òrùlé, ó wo bẹ́ẹ̀dì adájọ́. Kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Ohùn kan dún láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ohùn tó mọ bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Aunty Joanna Oyèníran nìyẹn, Ìyá Eli, apoògùn òyìnbó ní Dacula.

"Bàbá Ìyàwó! Ẹ kú ilé o!"

Bàbá Divine dìde, ó dúró sókè àtẹ̀gùn níbi tí wọn ò ti ní rí i. "Ìyá Ọkọ! Ẹ kú ọ̀nà o! Ẹ máa gòkè bọ̀!"

"Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sir!"

"Ilé ìyàwó lẹ wá, ẹ gòkè!"

"Ilé ìyàwó wo? Ilé Miss Lucy la wà yìí!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká wá síbẹ̀!"

"Àwa kẹ̀? Ẹ̀yin mà ni! A ní Austell là ń bọ̀, ọmọ yín ló ní Athens ni!"

"Irọ́ o!"

"Orúnkún mi ò gbà á o, Bàbá Ìyàwó!"

"Tèmi náà ò gbà á!"

Miss Lucy jáde wá dúró sáàárín pálọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù, ó ń wo òkè, ó ń wo ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Bàbá Divine padà wọ yàrá. Ó yí sí ọmọ ẹ̀ tó ti tẹ̀ lé Eli gòkè padà, tó jókòó sórí àkàsọ̀ ìdí bẹ́ẹ̀dì, tó fọwọ́ lérán. "Divine, ta ló ní ká wá síbí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Daddy. Àwọn Mummy Eli ò ṣe nǹkan kan. Àwọn gan-an ń bínú sí mi lórí ẹ̀."

Gbogbo ohun tó ti sọ nípa obìnrin yẹn láti ọjọ́ yìí, ní mọ́tò, ní ọsibítù, lójú orun! Ó wá ibi tó máa kó o sí, kò rí. Ó jókòó.

Divine ń fi èékánná họ etí aṣọ ẹ̀. "Ẹ rántí àwọn Saturday tí mo wà ní school, tí ẹ máa ń pè mí, tí mo máa ń ní mo wà ní library?"

"Hẹn."

"Ibí ni mo wà. Bẹ́ẹ̀dì yìí, èmi ni mò ń tẹ́ ẹ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń fi brush fọ àárín èékánná ẹ̀. Láti first year títí mo fi jáde."

Rachael ní, "Yéè."

"Ìwọ ń fọ balùwẹ̀ òyìnbó?" Ohùn bàbá ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń ní ẹ ò wá ti wheelchair ní America kí n lè wá máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì èèyàn. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Kíṣìnì ìsàlẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Tí ara mi ò bá yá, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ibẹ̀ náà ni Eli ti rí mi. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú un wá jẹun àárọ̀, gbogbo wọn fi abọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, òun nìkan ló kó tiẹ̀ wá sí kíṣìnì, ó ní ìyá òun ò kọ́ òun pé kí òun fi abọ́ sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Mo ní, ọmọ Yorùbá lèyí."

"Kí ló wá dé tí kò lè jẹ́ ilé wa? Mo kun ilẹ̀kùn, Divine. Mo ra àga."

"Daddy, mi ò gbé ilé yẹn rí." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Mo ti lọ school kí ẹ tó rà á. Tí mo bá wá, guest room ni mò ń sùn. Mi ò mọ ibi tí switch wà. Mo fẹ́ kí wọ́n wá bá mi níbi tí mo mọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá máa sọ sí irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ó fẹ́ bínú pé ọmọ parọ́ fóun, ó rántí pé ọmọ náà ò gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ òun rí, òun sì ti fi yangàn káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì pé scholarship ni. Ó fẹ́ yọ̀, ojú tì í. Ó fẹ́ kí ojú tì í, ó tún ń yọ̀. Ilé tí òun fi gbogbo òógùn òun rà, ọmọ òun ò mọ ibi tí switch wà níbẹ̀. Ilé tóun ti ń bú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ òun mọ iye èékánná ẹsẹ̀ ọpọ́n ìwẹ̀ ẹ̀. Ilé bàbá ọmọ wá dà? Ó wo Rachael. Rachael ò wo ibì kankan, ó ń nu ojú.

Bàbá Divine dìde dúró. "Kíṣìnì tí o ń sọ yẹn. Ó ní ilẹ̀kùn?"

"Ẹn? Ó ní."

"Ṣé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀?"

"Daddy, kíṣìnì ni."

"Ṣé a lè débẹ̀ ká má gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá?"

Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wà. Tóóró ni, ó ṣókùnkùn, ibẹ̀ ni Divine máa ń gbà kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ fọ̀. Bàbá Divine ká agbádá léjìká, ó tẹrí ba, ó ń sọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ bí alákàn. Rachael di gèlè mú lẹ́yìn ẹ̀, ó ń sọ pé bí wọ́n bá ya fọ́tò òun báyìí òun ò ní lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Divine àti Eli tẹ̀ lé wọn, gbogbo wọn já sí kíṣìnì, pẹ̀lú ìkòkò bàbà lára ògiri, tábìlì ńlá kan, àti Miss Lucy nídìí sítóòfù. Ìyá náà béèrè bóyá nǹkan ṣe yàrá wọn. Bàbá Divine ní rárá mà. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó síbí ni, pẹ̀lú ọmọ òun, tó bá gbà á láyè. Divine ṣàlàyé fún un ní wéréwéré. Miss Lucy ní, ó yé òun, àmọ́ ṣé kí òun dúró ni àbí kí òun jáde?

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ilé ẹ̀ kúkú ni. Bàbá Divine ò mọ ipò tí onílé wà nígbà tí ẹlòmíì bá ń ti inú ilé ẹ̀ fọmọ fọ́kọ. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ní kó dúró, ó gbé àga fún un.

"Ti ilẹ̀kùn, Divine. Kí Eli lọ sọ fún wọn pé bàbá ọmọ wà nílé."

Wọ́n gbọ́ ohùn Aunty Joanna láti pálọ̀. "Kíṣìnì? Kíṣìnì bíi ti báwo? Ṣé oúnjẹ la wá gbé ni?" Wọ́n wá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, bàbá Eli, ó ní, "Joanna, dìde ká lọ."

Bàtà ń bọ̀. Ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo nǹkan! Gbogbo ohun tó ti ń retí, ó dé, orí ẹ̀ fò lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá aláìsàn láti bí ọdún mélòó kan ló fò bọ́ sí i lẹ́nu, ó ní, "Come in!"

Rachael gbá a lápá. Ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Aunty Joanna yọ orí wọlé, ó rí bàbá tó jókòó láàárín ìkòkò, ojú obìnrin náà sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Bàbá Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ náà la máa wọlé ni? Ẹ ò ní bi wá pé ta ni?"

"Ìyá Ọkọ, ẹ má bínú, ẹnu ló..."

"Rárá o! Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ mi sórí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń sọ ọ́ níwájú àwọn tó wá gba oògùn. Ẹ ò lè fi come in pa á mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ó fa ilẹ̀kùn padà, ó tì í mọ́ra ẹ̀ síta.

Ó tún kàn án.

"Ta nìyẹn?" Bàbá Divine ló béèrè.

"Àwa ni o."

"Àwa wo?"

"Àwa ìdílé Oyèníran, láti Dacula. À ń kọjá lọ ni tiwa sir, la bá rí òdòdó kan tó ń dán nínú ọgbà yín. Ọkàn wa ò lè kúrò lára ẹ̀. La ní ká wá tọrọ ẹ̀."

Bàbá Divine wo kíṣìnì yíká. Ó wo Miss Lucy pẹ̀lú ṣíbí onígi lọ́wọ́, ó wo Divine. "Ọgbà wo?" ló bi wọ́n. Kò fi ṣeré. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n rò pé bàbá ń fi àgbà hàn wọ́n. Aunty Joanna ní, "Ọgbà tí ẹ bá ti jókòó ni sir! Ibi tí ẹ bá wà, ibẹ̀ la wá."

Ó yẹ kó tún bi wọ́n ní ìbéèrè bíi mẹ́ta sí i. Ó yẹ kó ní wọ́n ṣìnà, kí wọ́n padà, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ gbogbo ẹ̀ bí ẹni mọ owó. Kò rántí ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ wọlé. Ẹ kú ọ̀nà."

Wọ́n wọlé, wọ́n kún kíṣìnì. Àga ò tó, Eli àti bàbá ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ tábìlì. Aunty Joanna dúró gágá pẹ̀lú agbọ̀n èso lórí ọwọ́ méjèèjì, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí tí kò ní jẹ́ orí iná.

"Bàbá Ìyàwó, níbo ni ká gbé e sí?"

Bàbá Divine ò mọ̀. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀, nítorí òun ló mọ ibi tí nǹkan ń gbé nínú ilé náà.